Nọ́ọ̀sì tó ń béèrè orúkọ yín lójoojúmọ́ kò gbàgbé yín

Ohun tó máa ń bí aláìsàn nínú jù ní wọ́ọ̀dù, tí a bá yọ ẹ̀fọn àti oúnjẹ kúrò, ni ìbéèrè kan báyìí: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ yín?” Ẹni tó ti lo ọjọ́ márùn-ún lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà, tí nọ́ọ̀sì kan náà ti gún lábẹ́rẹ́ láàárọ̀ àti lálẹ́, ni wọ́n tún ń bi ní orúkọ. “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò mọ̀ mí mọ́ ni? Àbí ìwọ kọ́ lo jókòó tì mí lánàá tí mò ń sọ ìtàn ọkọ mi fún ẹ?” Mo ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí mi ò kà á sí èébú mọ́. Mo mọ̀ yín, Màmá. Mo mọ orúkọ ọmọ yín tó wà ní Ìbàdàn, mo tiẹ̀ mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ ò wù yín. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ béèrè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin tí mo ti ń ṣiṣẹ́, Ìyá Ìbejì méjì la ní lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ní ìtọ̀ ṣúgà, ó ń gba ínsúlìn kó tó jẹun àárọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé èkejì wá, kò sì tíì fẹnu kan nǹkan kan láti alẹ́ nítorí àyẹ̀wò tí wọ́n fẹ́ ṣe fún un. Mo fa ínsúlìn, mo wọlé, mo ní, “Ìyá Ìbejì, ẹ káàárọ̀ o, abẹ́rẹ́ yín ti dé.” Ẹni tó dáhùn, tó ti ká ọwọ́ bùbá sókè kí n lè rí apá gún, kì í ṣe ẹni tí mo wá. Ká ní mo gún un ni, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ìbá já wálẹ̀ nígbà tí kò sí oúnjẹ kankan níkùn tó lè gbà á sílẹ̀: òógùn, gbígbọ̀n, kó máa sọ ìsọkúsọ, lẹ́yìn náà gìrì tàbí kó dákú lọ. Nọ́ńbà ara fáìlì rẹ̀ tí mo tún yẹ̀ wò kí n tó ṣí ìdérí abẹ́rẹ́ ló kó wa yọ. Ọwọ́ mi gbọ̀n títí di ọ̀sán.

Láti ọjọ́ náà, mi ò pe aláìsàn lórúkọ kó jẹ́ mi mọ́. Òun ni mo ń jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ní ilẹ̀ wa, bí ẹ bá bi ẹni tí oorun ṣì wà lójú rẹ̀, tàbí ẹni tí etí rẹ̀ ò gbọ́ dáadáa, pé “Ẹ̀yin ni Màmá Àjàyí, àbí?” yóò ní “Hẹ́ẹ̀n.” Kì í ṣe irọ́ ló ń pa. Ó ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó wọ aṣọ iṣẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni orúkọ gan-an kò dúró sójú kan láàárín wa. Ìyá tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Káyọ̀dé, orúkọ ìsàmì rẹ̀ àti orúkọ ìdílé ọkọ rẹ̀ ló wà lára fáìlì. Bí ẹ bá fi èyí pè é, ó lè má tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ọmọ tuntun ò tíì ní orúkọ rárá, orúkọ ìyá rẹ̀ la fi ń kọ ọ́, bó bá wá jẹ́ ìbejì ńkọ́? Ìdí rèé tí a fi ń wá ẹ̀rí méjì pọ̀: orúkọ ní kíkún, àti nọ́ńbà ilé ìwòsàn tàbí ọjọ́ ìbí. Nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe ẹ̀rí. Wọ́n lè ti gbé yín láti bẹ́ẹ̀dì 6 lọ sí bẹ́ẹ̀dì 9 kí n tó ti ilé dé.

Kí oògùn tó dé ẹnu yín, ó ti gba ọwọ́ mẹ́ta kọjá, ó kéré tán. Dókítà kọ ọ́, apòògùn gbé e sílẹ̀, nọ́ọ̀sì fún yín. Bí dókítà bá ṣì í kọ, apòògùn lè rí i. Bí apòògùn bá ṣì í mú, nọ́ọ̀sì lè rí i. Bí nọ́ọ̀sì bá ṣì í fún yín, kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn rẹ̀ mọ́ àfi ẹ̀yin. Ìyẹn ni nọ́ọ̀sì kò fi lè sọ pé “dókítà ló kọ ọ́” kó sì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀ràn. Bí ohun tí wọ́n kọ kò bá yé e, ó ní láti dúró, kó sì pe dókítà, kódà bí dókítà yóò bá bínú. Wọ́n sì máa ń bínú.

Nílé ẹ̀kọ́, ohun márùn-ún ni wọ́n kọ́ wa pé kó tọ́: aláìsàn, oògùn, ìwọ̀n, ọ̀nà tí yóò gbà wọ ara, àti àsìkò. Wọ́n ti fi òmíràn kún un, bíi ìdí tí a fi ń lò ó, kíkọ ọ́ sílẹ̀, àti ẹ̀tọ́ aláìsàn láti ní òun ò lò ó. Kò le láti há sórí. Ẹ wá gbìyànjú rẹ̀ ní agogo mẹ́fà ìdájí, tí ẹ jẹ́ méjì péré fún ọgbọ̀n aláìsàn, tí iná ti lọ, tí ẹ ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù ka ìkọ̀wé tó dà bí ẹsẹ̀ adìẹ. Nítorí irú ìdájí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ka ara ìgò lẹ́ẹ̀mẹta: nígbà tí a mú un jáde, nígbà tí a ń fà á tàbí tí a ń kà á, àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn kó tó wọnú rẹ̀.

Orúkọ oògùn nìkan tó láti ṣi èèyàn lọ́nà. Metformin wà fún ìtọ̀ ṣúgà, metronidazole ni èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Flagyl. Amlodipine ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, amiodarone wà fún ọkàn tó ń lù ségesège. Kì í sì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, oògùn ọgbẹ́ inú kan wà tó ń jẹ́ Losec, wọ́n sì ń ṣì í mú mọ́ Lasix, oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀. Ní 1990 wọ́n yí orúkọ Losec padà sí Prilosec. Ni àwọn kan bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣì í mú mọ́ Prozac, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn.

Ní ti ìwọ̀n, àmì tín-ín-rín kan ló ń dá wàhálà sílẹ̀: pọ́ǹtì. Bí ẹnì kan bá kọ 1.0 mg, tí bírò rẹ̀ ò sì yọ dáadáa, ẹlòmíràn á kà á sí 10. Bó bá kọ .5 láìfi òdo ṣíwájú, ó lè di 5. Ìlọ́po mẹ́wàá ni méjèèjì. Ínsúlìn ló burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Yúníìtì la fi ń wọ̀n ọ́n. Nínú ìgò tó wọ́pọ̀, 100 yúníìtì ló wà nínú 1 ml. Ẹni tó nílò 10 yúníìtì, ìdá kan nínú mẹ́wàá ml ni gbogbo ohun tí yóò gbà, ó kéré débi pé ẹ lè rò pé síríǹjì ṣófo. Nítorí náà ló ṣe ní síríǹjì tirẹ̀, tí wọ́n fi yúníìtì sàmì sí lára. Ẹni tó bá fi síríǹjì lásán fà á, tó fà á dé 1 ml, ti fa ìlọ́po mẹ́wàá. Bí dókítà bá sì kọ “10U” ní ìkánjú, lẹ́tà U yẹn lè jọ òdo, kó di 100. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà ní kíkún. Bí ẹ bá rí nọ́ọ̀sì méjì tó dúró ti ara wọn, tí wọ́n jọ ń wo síríǹjì kan ṣoṣo sójú iná, kì í ṣe òfófó ni wọ́n ń ṣe. Ọ̀kan ń yẹ iṣẹ́ èkejì wò ni.

Ọ̀nà tí oògùn gbà wọ ara náà lè gba ẹ̀mí. Ẹ mú potassium chloride. Ẹni tó ti ya ìgbẹ́ gbuuru tó sì ti bì púpọ̀ lè nílò rẹ̀ gidi. Inú omi tí a ń fà sí i lára la máa ń pò ó mọ́, tí yóò máa kán díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí. Bí ẹnì kan bá fi abẹ́rẹ́ ti èyí tó ki náà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tààrà, ọkàn yóò dúró. Oògùn kan náà yìí wà lára èyí tí àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà ti ń lò fún àwọn tí ilé ẹjọ́ dá ikú fún. Ìdí tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn fi kó o kúrò lórí pẹpẹ wọ́ọ̀dù rèé. Ní ti àsìkò, ọ̀rọ̀ kúkurú ni: oògùn tí ó yẹ kó wọ ara ní wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ kì í dúró de oorun, ẹ forí jì wá bí a bá jí yín.

Àwọn kan ní bí kọ̀ǹpútà bá ti dé, gbogbo èyí á tán. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, ní ilé ìwòsàn Vanderbilt ní ìlú Nashville, Amẹ́ríkà, nọ́ọ̀sì kan, RaDonda Vaught, fẹ́ mú oògùn Versed fún ìyá ẹni ọdún 75 kí ara rẹ̀ lè balẹ̀ fún àwòrán tí wọ́n fẹ́ yà á. Kọ́bọ́ọ̀dù oníkọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń mú oògùn níbẹ̀. Ó tẹ V àti E, lẹ́tà méjì péré. Orúkọ Versed kejì, midazolam, ni ẹ̀rọ fi tò ó, nítorí náà kò yọ. Ó fo ìdènà ẹ̀rọ náà kọjá, ó sì mú ohun tó yọ sí i lójú: vecuronium, oògùn tó ń rọ gbogbo iṣan ara títí kan èyí tí a fi ń mí. Ìkìlọ̀ wà lórí ìdérí ìgò náà. Lẹ́búlẹ́bú ni, ó ní láti bu omi sí i kó tó lè fà á, bẹ́ẹ̀ omi ni Versed láti ilé iṣẹ́ wá. Ìyá náà kú. Nọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2022 ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi. Ní oṣù Karùn-ún wọ́n ní kó lo ọdún mẹ́ta lábẹ́ ìṣọ́, láìlọ sẹ́wọ̀n.

Àwa nọ́ọ̀sì jiyàn lórí rẹ̀ títí ẹnu fi bó. Èrò tèmi ni pé àṣìṣe rẹ̀ kò kéré, ìgò náà ló yẹ kó kọ́kọ́ fojú wò dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó jẹ́wọ́ bá di ọ̀daràn, ta ni yóò jẹ́wọ́ lọ́la? Àṣìṣe tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ ní wọ́ọ̀dù kan ni ẹlòmíràn yóò tún ṣe ní wọ́ọ̀dù kejì.

Ohun mìíràn wà tí àwọn ẹbí kì í lóye. “Oògùn wà níbẹ̀, a ti sanwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì ní òun ò fún bàbá wa.” Bó bá jẹ́ digoxin ni, oògùn ọkàn, nọ́ọ̀sì ní láti kọ́kọ́ ka bí ọkàn ṣe ń lù fún odindi ìṣẹ́jú kan. Bí kò bá tó 60 fún àgbàlagbà, yóò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò sì pe dókítà. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ jù láàárọ̀ yẹn. Fífi oògùn dúró nígbà tó yẹ jẹ́ ara iṣẹ́ wa bíi fífún yín, ó kàn jẹ́ pé a gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Kíkọ yìí náà ní òfin: ẹ̀yìn tí aláìsàn bá ti gbé oògùn mì la ń fọwọ́ sí i, kì í ṣe ṣáájú. Bí mo bá fọwọ́ sí i ṣáájú, tí Màmá wá lọ tu oògùn náà dànù, ìwé á máa sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Bí mo bá gbàgbé láti kọ ọ́, ẹni tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi lè tún fún yín lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tí a bá sì béèrè pé “Kí lẹ tún ń lò?” ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́. Bàbá kan wà lọ́dọ̀ wa tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kọ̀ tí kò wálẹ̀. Wọ́n fi kún oògùn, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, kò yí padà. Ọjọ́ tí mo ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni nylon kékeré kan jábọ́ láti abẹ́ ìrọ̀rí: diclofenac, fún orúnkún tó ń dùn ún, tí ìyàwó rẹ̀ ń rà wá láti kẹ́míìsì iwájú géètì. Irú oògùn ìrora bẹ́ẹ̀ ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè, ó ń ba iṣẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru jẹ́, ó sì ń pọ́n kíndìnrín lójú. Bàbá ò mọ̀. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé a máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbo inú ike omi abẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà, bákan náà ni. Mi ò ní dà á nù níṣojú yín, mi ò sì ní fi yín ṣẹ̀sín. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tó ń bá oògùn wa pàdé nínú ara yín ni.

Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ìpolongo rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2017, pé kí ìpalára líle tí oògùn ń ṣe, tí èèyàn lè dènà, dín kù sí ìdajì láàárín ọdún márùn-ún, ìgbà tí aláìsàn ń kúrò lọ́wọ́ àwọn kan bọ́ sọ́wọ́ àwọn mìíràn wà lára ohun mẹ́ta tí wọ́n tẹpẹlẹ mọ́. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Ọjọ́ tí ẹ ń lọ sílé ni ọjọ́ tí ẹ̀yin fúnra yín di nọ́ọ̀sì, inú tó ń dùn ní ọjọ́ yẹn kì í jẹ́ kí etí gbọ́ nǹkan kan. Ọkọ̀ ti ń dúró níta, ẹ̀gbọ́n ń jà pẹ̀lú àwọn tó ń gbowó, nọ́ọ̀sì ń ka orúkọ oògùn mẹ́fà. Màmá ń ní “ó ti yé mi, ó ti yé mi.” Kò yé e.

Ẹ wo “2 × 3” tí wọ́n máa ń kọ sára páálí. Hóró méjì, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni. Mo ti rí ẹni tó lo mẹ́ta lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ti rí ẹni tó lo mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan torí pé ó fẹ́ kí ara rẹ̀ tètè yá. Oògùn ibà tó wọ́pọ̀ jù lọ, artemether pẹ̀lú lumefantrine, ni wọ́n máa ń ṣì lò jù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà la ń lò ó láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Àgbàlagbà tó ń lo oníhóró kékeré, mẹ́rin ni lẹ́ẹ̀kan. Èkejì kì í dúró de ọjọ́ kejì: wákàtí mẹ́jọ lẹ́yìn àkọ́kọ́ ni. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́jọ alẹ́ yóò jí ní agogo mẹ́rin ìdájí. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó di àárọ̀ àti alẹ́, fún ọjọ́ méjì tó kù. Oúnjẹ tó lọ́ràá ló ń ràn án lọ́wọ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà àkàrà tàbí ẹyin díndín dára jù ẹ̀kọ tútù lọ. Bí ẹ bá bì kó tó pé wákàtí kan, ẹ tún un lò. Bí ibà bá sì lọ ní ọjọ́ kejì, ẹ má kó ìyókù pamọ́ de ọmọ aládùúgbò.

Paracetamol ọmọdé ń bà mí lẹ́rù ju ibà fúnra rẹ̀ lọ. Olómi lásán, 120 mg ló sábà máa ń wà nínú 5 ml rẹ̀. Èyí tó jẹ́ ti ọmọ ọwọ́, tí wọ́n fi ike kékeré ń kán sẹ́nu, lè ní 100 mg nínú 1 ml péré. Ìyá tó bá fi ṣíbí kan tó gba 5 ml wọn èyí kejì yìí ti fún ọmọ ọwọ́ ní 500 mg, ohun tó wà nínú odindi hóró kan tí àgbàlagbà ń lò. Ẹ lo ohun ìwọ̀n tó bá a wá nínú páálí, kì í ṣe ṣíbí ọbẹ̀. Fún àgbàlagbà, hóró mẹ́jọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 500 mg, láàárín ojúmọ́ kan ni òpin rẹ̀, ẹ sì rántí pé paracetamol wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn tí orúkọ rẹ̀ yàtọ̀.

A tún gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ojú yín máa rí kó tó dẹ́rù bà yín. Oògùn tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ tí a ń fún aboyún, ìgbẹ́ á dúdú. Rifampicin tí wọ́n fi ń wo ikọ́ ẹ̀gbẹ, ìtọ̀ á pọ́n bí omi òsùn. Mo mọ ẹnì kan tó sọ oògùn náà nù torí ó rò pé ẹ̀jẹ̀ ni. Amlodipine lè wú ọrùn ẹsẹ̀, lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, lè fa ikọ́ gbẹ tí kì í lọ. Ẹ padà wá bá wa, oògùn mìíràn wà. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró torí pé ara yá. Oògùn yẹn gan-an ló ń jẹ́ kí ara yá.

Mi ò bi aláìsàn mọ́ pé “Ṣé ó yé yín?” Ẹ ti mọ ìdáhùn. Mo máa ń sọ pé, “Màmá, tí ọmọ yín bá bi yín lálẹ́ òní bí ẹ ṣe máa lò ó, kí lẹ máa sọ fún un?” Fún ẹni tí kò mọ̀wé, mo máa ń fi bírò ya oòrùn sára páálí oògùn àárọ̀, mo máa ń ya òṣùpá sí ti alẹ́, mo sì máa ń fa ìlà tó bá iye hóró mu. Ìyá àgbà kan tẹ́ páálí mẹ́rin sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fi ìka tọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. “Èyí tó ní oòrùn, kan, kí n tó lọ ọjà. Èyí náà, oòrùn àti òṣùpá, kan-kan, tí mo bá ti jẹun. Ti òṣùpá yìí, àbọ̀.” Ó gbé ìkẹrin sókè, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. “Nọ́ọ̀sì, èyí ò ní nǹkan kan lára. Ṣé tèmi ni?” Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo ka ara rẹ̀. Ti ìyá bẹ́ẹ̀dì kejì ni.